Ìtẹ́ Mọ́kànlá

Mi ò ní kà á. Kí wọ́n pè mí wọlé, kí n dúró níwájú ìgbìmọ̀, kí n wá fi ẹnu ara mi sọ pé mọ́kànlá… rárá. Ẹni tó bá ń wá mọ́kànlá, kó ka ìka ọwọ́ rẹ̀ kó fi imú kún un. Wọ́n ní kí n jókòó sórí bẹ́ǹṣì yìí, mo ti jókòó. Wọ́n ní kí n mú fọ́ọ̀mù dání, ó wà lórí itan mi. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ni ẹnu mi, kò sẹ́ni tó bá mi dá owó rà á.

Mọ́kànlá nínú mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ìtẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mo rí nígbà tí àwọn ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn dé ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, nínú omi tó dé mi lórúnkún, nínú ẹrẹ̀ tó fẹ́ bọ́ bàtà gbà lẹ́sẹ̀ mi. Mọ́kànlá péré ló pa ọmọ. Àwọn yòókù… ó tó, àwọn yòókù ti lọ. Òfin sì ní bí ìtẹ́ tó pa ọmọ nínú àbàtà bá dín ní ọgbọ̀n fún ọdún méjì tẹ̀léra, àbàtà náà kì í ṣe ti ẹyẹ mọ́. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn omi pa. Odò ò ní lè ya wọ inú ilẹ̀ náà mọ́, ilẹ̀ á gbẹ, katakata á wọlé, wọ́n á gbin nǹkan. Ọdún tó kọjá jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Tọdún yìí nìyí lórí itan mi. Ẹni tí ò dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí lè parí ìṣirò yẹn.

Ọ̀gá mi ti bá mi parí rẹ̀. Àná ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ife tíì lọ́wọ́ rẹ̀, kò tiẹ̀ wọlé. "Mọ́mì, ẹ kàn ka nọ́ńbà yẹn sókè, kí ẹ jókòó. A ò nílò àlàyé kankan." Mọ́mì. Ìgbà tó bá fẹ́ kí n panu mọ́ ni mo máa ń di mọ́mì rẹ̀. Tí mo bá béèrè bàtà òjò tuntun, mi ò kí ń bí ọmọ kankan nílé iṣẹ́ yìí. Ó yẹ kí n sọ fún un pé kó lọ kà á fúnra rẹ̀. Ó yẹ kí n bi í pé ẹyin aláriwo, kí ni àwọ̀ rẹ̀? Kò ní mọ̀. Aláriwo la sọ ẹyẹ yẹn, torí pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́, tí o bá ti sún mọ́ ibi tó yé sí, á máa lọgun lé ọ lórí títí wàá fi padà. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń yé sí, ẹyin rẹ̀ sì jọ ẹrẹ̀, o lè tẹ̀ ẹ́ fọ́ kí o tó mọ̀ pé o ti tẹ nǹkan. Ọdún mẹ́ta rèé tí ọmọ yìí ti jẹ́ ọ̀gá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú àbàtà. Ọjọ́ tí wọ́n wá ya fọ́tò ni.

Fọ́tò… Ta ló tiẹ̀ gbé bẹ́ǹṣì yìí sí ọ̀ọ́kán fọ́tò yẹn? Àyè pọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí. Mi ò wò ó. Ilẹ̀ ni mò ń wò. Ẹrẹ̀ ti bọ́ lára bàtà mi sórí ibi tí obìnrin tó ń nu ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, ó ti wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Kó máa wò mí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ wọ bàtà yìí wá ni. Mo ní bàtà mìíràn nílé, bàtà dúdú tó ń dán, èyí tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fún mi níwèé ẹ̀yẹ. Mo wò ó láàárọ̀, mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Kí wọ́n rí ẹrẹ̀. Kí ẹrẹ̀ àbàtà náà wọ ìpàdé tí wọ́n fẹ́ fi pa á.

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín nínú ibẹ̀.

Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ikọ́, á wá yí padà di ẹ̀rín. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọmọ ìyá mi, ọmọ bàbá mi, èyí tó kọ́ mi ní ìwẹ̀ nínú odò yẹn kan náà, òun làwọn àgbẹ̀ fi ṣe agbẹnusọ. Inú yàrá tó tutù ló jókòó sí, wọ́n á ti gbé omi fún un mu, èmi tí mò ń ka ẹyẹ fún ọ́fíìsì odò yìí láti ọdún mọ́kàndínlógún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo wà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ayé ń yí lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò tijú. Lọ́jọ́ Sunday, nínú pálọ̀ yín, lójú ìyàwó yín, ẹ ní, "Àbúrò mi, ẹyẹ ti sá. Ẹyẹ pàápàá mọ ìgbà tí ibì kan bá ti tán. Ìwọ nìkan ni ò mọ̀." Mo ní ibẹ̀ ò tán. Ẹ ní kí ló wá dé tí wọ́n ń dín kù lọ́dọọdún? Mo ní… mi ò rántí ohun tí mo ní. Irọ́ ni, mo rántí. Mo dìde, mo ní mo fẹ́ lọ wo ajá yín. Ìyàwó yín ní kí ẹ fi mí sílẹ̀, pé ojoojúmọ́ kọ́ ni mo máa ń wá. Ẹ wá rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Ìyá Ẹyẹ." Gbogbo ìlú ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, kì í dùn mí. Lẹ́nu yín ló ń dùn mí.

Ṣé ẹ ti gbàgbé ni? Ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn omi yẹn, tí wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ dán an wò fún ìgbà òjò kan. Odò wá ibi tó máa ń sùn sí, wọ́n ti tì í, ó bá wá sùn lọ́dọ̀ wa. Ó gba ojú títì wọlé. Ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn ìyẹ̀wù ìyá wa, ó gbé bẹ́ẹ̀dì wọn nílẹ̀, ìyá wa wà lórí rẹ̀. Ta ló pọ̀n wọ́n jáde? Ẹ̀yin ni. Èmi wà lẹ́yìn yín, àpótí aṣọ wọn lórí mi, omi dé mi láyà. Ìyá wa ń sọ sí yín létí pé kí ẹ rọra gbẹ́sẹ̀, kí ẹ má yọ̀, ẹ̀yin sì ń sunkún, ẹ rò pé mi ò rí i. Mo rí i. Ìyá wa ò tún sùn sílé yẹn mọ́ títí tí wọ́n fi kú. Ohun tí àbàtà wà fún nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi. Odò á kún, á ya síbẹ̀, á tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wù ú, tó bá yá á padà sílé rẹ̀ láì kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá gba ibùsùn odò, kó múra láti gba odò lálejò.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn, pé ẹ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ ní, "Ilẹ̀ tí bàbá wa pín fún mi, odò ti jẹ ìdajì ẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Ṣé ẹyẹ ni kí n pín fún wọn?"

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Mo gbìyànjú láti rí irọ́ níbẹ̀ láti ọjọ́ Sunday, mi ò rí i. Mo fẹ́ràn àwọn ọmọ yẹn, èmi ni mo wẹ èyí àgbà nígbà tí wọ́n bí i. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbin nǹkan síbẹ̀ lónìí, tí odò bá wá lọ́túnla ńkọ́? Ta ni wọ́n á pọ̀n jáde nígbà yẹn? Ẹ̀yin ni wọ́n á pọ̀n. Ẹ ti sanra, ẹ̀gbọ́n mi. Á ṣòro fún wọn.

Ẹ wò ó, mò ń rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé tó wà lẹ́nu ọ̀nà ìpàdé gbé orí sókè níbi tó ti ń tẹ̀wé, ó wò mí, ó tún dorí kodò.

Rárá, mi ò ní kà á. Tàbí kí n kà á, kí n wá kà á dé etí ìwé. Torí mo ti kọ nǹkan sétí ìwé. Pẹ́ńsùlù ni mo fi kọ ọ́, láàárọ̀ yìí, lórí tábìlì ìdáná mi, kí n tó wọ bàtà. *Ajá àwọn àgbẹ̀ ló jẹ ẹyin.* Ìyẹn nìkan. Òfin ṣe tán láti gbọ́ ìyẹn. Òfin ní tó bá jẹ́ ọwọ́ èèyàn ló ba ìtẹ́ jẹ́, wọn ò ní ka ọdún náà mọ́ àbàtà lọ́rùn. Ajá kì í dá ara rẹ̀ ní, ẹni tó ni ín ni wọ́n á mú. Gbólóhùn kan péré, ilẹ̀kùn omi á ṣì wà ní ṣíṣí, odò á máa rí ibi sùn, àwọn aláriwo á máa pariwo. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá yẹn á gbé ẹ̀rín wọn mì.

Kí ló burú níbẹ̀? Àwọn náà ń purọ́. Wọ́n ní ẹyẹ ti sá, wọn ò bi ẹyẹ léèrè. Èmi tiẹ̀ rí ojú ẹsẹ̀ ajá. Mo rí i, mi ò lá a lálàá. Nínú ẹrẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́ kan ní apá òkè, ojú ẹsẹ̀ ajá, ó hàn kedere…

Ẹ̀ẹ̀kan.

Ẹyin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà nínú ìtẹ́ náà lọ́jọ́ yẹn, wọ́n pé.

Ó dáa. Ẹ̀ẹ̀kan. Ṣé ẹ̀ẹ̀kan ò tó ni? Ajá tó bá wá lẹ́ẹ̀kan á wá lẹ́ẹ̀mejì. Ajá ta ni, gan-an? Ìgbà tí wọ́n bá bi mí ńkọ́? Ẹnjiníà tó ń bójú tó ilẹ̀kùn omi wà nínú ibẹ̀, ó fẹ́ràn ìbéèrè bí ẹni fẹ́ràn oúnjẹ. "Ajá ta ni, madam?" Àgbẹ̀ kan ṣoṣo ló sì ní ajá lápá ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ajá rẹ̀ ti dàgbà débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ̀yìn ò gbé e mọ́. Lọ́jọ́ Sunday tí mo ní mo fẹ́ lọ wò ó, mo ju búrẹ́dì sí i, kò lè dìde lọ bá búrẹ́dì. Èmi ni mo lọ bẹ̀rẹ̀ tí mo fi í sí i lẹ́nu, ó lá mi lọ́wọ́. Ajá yìí ni mo fẹ́ sọ fún ìgbìmọ̀ pé ó la omi kọjá, tó lọ jẹ ẹyin inú ìtẹ́ mẹ́tàléláàádọ́ta, tó tún padà sílé wá sùn.

Wọ́n á ní kí ẹ̀gbọ́n mi pa á. Mo mọ̀ wọ́n. Kí wọ́n lè fi hàn pé àwọn ti ṣe nǹkan, wọ́n á ní kí ó pa á. Ó sì máa pa á, torí agbẹnusọ ni, ojú gbogbo èèyàn ń bẹ lára rẹ̀. Á wá wò mí. Á kàn máa wò mí…

Ẹ jẹ́ n mí.

Mi ò gbèrò ohun búburú. Mo fẹ́ gba ilẹ̀ yẹn là ni. Ọdún mọ́kàndínlógún. Ìgbà tí mo débí, ta ló mọ̀ pé ẹyẹ ń yé níbẹ̀? Èmi ni mo kọ́kọ́ kà wọ́n. Ẹ̀rọ agékoríko ló ń pa wọ́n nígbà náà. A ní láti gé koríko lápá òkè, torí tó bá ga jù aláriwo ò ní yé síbẹ̀, ó fẹ́ ibi tó ti lè rí ọ̀tá lókèèrè. Ṣùgbọ́n awakọ̀ ẹ̀rọ ò lè rí ẹyin láti orí àga rẹ̀. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo tẹ̀lé ẹ̀rọ yẹn lẹ́yìn, mo ka ìtẹ́ méje tí táyà ti tẹ̀ fọ́ láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán. Awakọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀, ó dúró tì mí, ó ṣí fìlà. Kò mọ̀, kí ló fẹ́ ṣe? Èmi ni mo wá rò ó. Èmi ni mo gé igi, gígùn rẹ̀ dé mi ní ìbàdí, mo so àkísà pupa mọ́ orí rẹ̀, mo gún un sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ méjì sí ìtẹ́ kọ̀ọ̀kan. Awakọ̀ á rí pupa, á yà fún un. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, táyà ò tẹ ẹyin kan ṣoṣo. Kí ẹnikẹ́ni wá bá mi jiyàn lórí ìyẹn. Ọ̀kan ṣoṣo, kò tẹ̀ ẹ́.

Àwọn èèyàn wá láti ọ́fíìsì odò mìíràn wá kọ́ ọ. Wọ́n fún mi níwèé ẹ̀yẹ. Wọ́n ya fọ́tò.

Ó dáa, mo ti wò ó. Mo ti gbójú sókè, mo ti wò ó, ṣé ó tán? Èmi rèé, mò ń fi eyín hàn, igi kan lọ́wọ́ mi bí ọ̀pá àṣẹ, àkísà rẹ̀ pupa. Ọ̀gá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bàtà òjò tuntun lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn wa, àbàtà lọ títí, igi mi wà níbẹ̀, igi mi wà lọ́hùn-ún, pupa, pupa, pupa, ojú ò lè fò wọ́n.

Ojú ò lè fò wọ́n.

"Ìyá Ẹyẹ, ẹ má bínú o. Kannakánná ti mọ igi yín."

Ta ló sọ ìyẹn? Mo mọ ẹni tó sọ ọ́. Baba Ọlọ́kọ̀ ni, bàbá tó ń wa ọkọ̀ gbé mi káàkiri àbàtà. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí ni. Wọ́n dáwọ́ àjẹ̀ dúró, wọ́n fi àgbọ̀n tọ́ka, wọn ò fi ọwọ́ tọ́ka. Kannakánná kan bà lé orí igi mi kan. Ó wo ìsàlẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀, ó jẹun. Ó nu ẹnu rẹ̀ sára àkísà. Ó wá fò lọ sórí igi kejì. Kò wá kiri, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó ń tẹ̀lé igi mi láti orí ọ̀kan bọ́ sórí òmíràn, bí ẹni tó ń tẹ̀lé òpó iná lọ sílé. Aláriwo mẹ́rin, márùn-ún, ń lọgun lé e lórí, kò dá wọn lóhùn.

Kí ni mo sọ fún bàbá? "Bàbá, ẹ gbájú mọ́ ọkọ̀ yín." Bàbá tó tó bí mi. Wọ́n mú àjẹ̀ wọn, wọ́n wà á. Láti ọjọ́ náà, "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ rọra sọ̀ kalẹ̀" nìkan ni mo ń gbọ́ lẹ́nu wọn.

Kannakánná kan ni o. Ẹyẹ kan, ọjọ́ kan. Bí ojú ẹsẹ̀ ajá ṣe jẹ́ ọ̀kan ni kannakánná náà ṣe jẹ́ ọ̀kan. Tí n ò bá lè fi ojú ẹsẹ̀ kan dá ajá lẹ́bi, wọn ò lè fi kannakánná kan dá mi lẹ́bi. Ó parí. Kí wọ́n mú ẹ̀rí wá. Ẹni tó bá ní igi mi ló fa á, kó mú ẹ̀rí wá, ìwé ni mo ń bá ṣiṣẹ́, mi ò kí ń bá àhesọ ṣiṣẹ́. Ìwé rèé. Orí itan mi ló wà. Ìtẹ́ mọ́kànlá tó pa ọmọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà igi rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀, ohun tí mo rí níbẹ̀. Mo kọ ọ́ fúnra mi, ẹ jẹ́ n ka ìyẹn, ìyẹn ni mo máa kà.

Igi kẹta. Ọmọ mẹ́ta. *Igi ti wó sínú omi.*

Igi kẹsàn-án. Ọmọ mẹ́rin. *Àkísà ti já.*

Igi kẹrìnlá. Ọmọ méjì. *Igi ti wó.*

Igi kejìlélógún… *mi ò rí igi, omi ti gbé e lọ.* Ọmọ mẹ́rin.

Ó ti tó.

Kò tó. Kà á lọ. Ìwọ lo ní ìwé ni o ń bá ṣiṣẹ́. *Igi ti wó. Àkísà ti já. Igi ti wó.* Nínú mọ́kànlá, mẹ́sàn-án ni igi wọn ti wó tàbí tí àkísà rẹ̀ ti bọ́. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Inú ń bí mi lọ́jọ́ tí mò ń kọ ọ́, mo rántí, mò ń ṣépè fún afẹ́fẹ́ pé ó ń ba iṣẹ́ mi jẹ́. Ibi tí iṣẹ́ mi ti bàjẹ́ ni ọmọ ti yè.

Ọdún tó ṣáájú igi, méjìdínlọ́gọ́ta ló pa ọmọ, pẹ̀lú gbogbo ohun tí táyà tẹ̀ fọ́. Ọdún kìíní igi, mọ́kànlélógójì. A ní òjò ló fà á. Ọdún kejì, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. A ní ọ̀dá ló fà á. Ọdún yìí, mo ti fẹ́ sọ pé ajá. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, mi ò mọ ẹni tí màá sọ pé ó jẹ ẹ́, bóyá Ọ̀gá. Ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Àwọn àgbà sọ ọ́ ká tó bí mi, mo gbọ́ ọ láti kékeré, mo rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí.

Kannakánná kọ́kọ́ kọ́ ọ lọ́dún kìíní. Wọ́n kọ́ ọmọ wọn lọ́dún kejì.

Wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín.

Wọ́n á lé mi kúrò. Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á yọ fọ́tò yẹn lára ògiri, ojú ibi tó wà á funfun ju ibi tó kù lọ, gbogbo ẹni tó bá ń kọjá á máa béèrè pé kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n á gbé kíkà fún ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi á rẹ́rìn-ín, èyí tó bẹ̀rẹ̀ bí ikọ́, á ní, "Ìyá Ẹyẹ, o wá di ìyá kannakánná." Ó máa sọ ọ́. Mo mọ̀ ọ́n. Lójú gbogbo wọn ló máa sọ ọ́.

Kó sọ ọ́. Ẹnu rẹ̀ kọ́ ló máa pa mí. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ló máa ru igbá rẹ̀ délé. Mo ti múra tán láti ru igbá tèmi. Ṣùgbọ́n wọn ò ní fi igbá mi bo odò mọ́lẹ̀. Tí mo bá jẹ̀bi, kí n jẹ̀bi, èmi nìkan. Ilẹ̀ ò jẹ̀bi. Kí ni òfin wí? Ọwọ́ èèyàn. Tó bá jẹ́ ọwọ́ èèyàn ló ba ìtẹ́ jẹ́, wọn ò ní ka ọdún náà. Ọwọ́ tèmi ńkọ́? Wò ó, ìka márùn-ún, èékánná tó há ẹrẹ̀ sínú. Tí èyí ò bá jẹ́ ọwọ́ èèyàn, kí wọ́n sọ ohun tó jẹ́ fún mi.

Akọ̀wé ní rọ́bà ìpawérẹ́ lórí tábìlì rẹ̀. Mo na ọwọ́, ó gbé e fún mi. *Ajá àwọn àgbẹ̀…* ó ń lọ. Pẹ́ńsùlù dára. Ó ṣì hàn díẹ̀ tí o bá gbé ìwé sí ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa gbé e sí ìmọ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi á ní igi tàbí kannakánná, ẹyẹ ti lọ ṣá ni. Ìdáhùn ìyẹn ni mi ò ní. Ẹyin tí kannakánná jẹ, ó ti jẹ ẹ́. Àwọn ìyá wọn ńkọ́? Ibo ni wọ́n lọ? Ìtẹ́ mẹ́tàléláàádọ́ta, ìyá mẹ́tàléláàádọ́ta. Ẹyẹ tí ẹyin rẹ̀ bá ṣòfò tètè máa ń tún yé, èmi ni mo máa ń lọ sọ ìyẹn fáwọn ọmọ ilé ìwé. Apá òkè ṣófo. Mo rìn ín já lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹyẹ kankan ò lọgun lé mi lórí, mo sunkún níbẹ̀, mo ní àwọn ẹyẹ mi ti lọ…

Ọjọ́ Tuesday.

A gba ìsàlẹ̀ padà lọ́jọ́ Tuesday torí ẹnu ọ̀nà òkè ti dí. Ìkángun ìsàlẹ̀ yẹn, ibi tí ẹrẹ̀ ti jìn, tí ẹ̀rọ ò kí ń dé, tí mi ò gún igi kan sí rí torí kò sí ohun tó ń tẹ ẹyin níbẹ̀. A kàn fẹ́ kọjá ni. Àwọn aláriwo dìde. Ojú ọ̀run kún. Wọ́n lọgun débi pé Baba Ọlọ́kọ̀ fi ọwọ́ kan dí etí. Ọ̀kan bọ́ sórí ẹrẹ̀ níwájú wa, ó ń wọ́ ìyẹ́ apá kan nílẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni tó ti dá lápá, ó ń fa ojú wa lọ sí ibòmíràn. Mo mọ ìtumọ̀ ìyẹn. Bí mo ṣe ń sùn tí mò ń jí ni mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹyẹ kì í ṣe bí aláàrẹ̀ lásán, ẹyin tàbí ọmọ tó ń dáàbò bò ló wà nílẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ wà á kíá, ẹ jẹ́ ká kúrò." Bàbá wò mí. Wọ́n ti àjẹ̀ bọ omi, wọ́n wà á.

Mi ò kọ ọ́ sínú ìwé. Kí ni mo fẹ́ kọ síbẹ̀? Fọ́ọ̀mù ní kí n kọ nọ́ńbà igi, kò sí igi níbẹ̀. Èmi ni mo ṣe fọ́ọ̀mù yẹn. Ìtẹ́ tí kò bá nígi, kì í ṣe ìtẹ́, èmi ni mo fi í lélẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo ní kí iṣẹ́ lè mọ́. Mo sì mọ̀ lọ́jọ́ Tuesday. Mo mọ̀ nínú ọkọ̀ yẹn. Mo gbé e mì, mo lọ sílé, mo lọ kọ ajá.

Kò sí kannakánná kankan lórí wọn. Ojú ọ̀run ibẹ̀ mọ́. Wọ́n ti kó lọ síbi tó burú jù nínú gbogbo àbàtà, ibi tí ẹrẹ̀ ti ń gbé èèyàn mì, kí ẹni tó ń bọ̀ pẹ̀lú igi má bàa lè dé ọ̀dọ̀ wọn.

Wọn ò sá kúrò lórí ilẹ̀ yẹn. Èmi ni wọ́n sá fún.

Ó dùn mí. Ẹ jẹ́ kó dùn mí díẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún tí mo fi ń pè wọ́n ní tèmi, ìró bàtà mi ni wọ́n ń gbọ́ tí wọ́n fi mọ̀ pé ibi ti dé… Ṣùgbọ́n wọ́n wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́, wọ́n wà níbẹ̀. Wọ́n ń yé, wọ́n ń pa, wọ́n ń pariwo, lórí ilẹ̀ tí ẹ̀ ń pín fún ara yín nínú yàrá yẹn. Màá sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, igi, àkísà, àti gbogbo rẹ̀. Ẹnjiníà á na ọrùn, á ní mélòó ni wọ́n wà nísàlẹ̀ yẹn, madam. Màá ní mi ò mọ̀. Ọ̀gá á ní iṣẹ́ mi ni láti mọ̀, kí n lọ kà wọ́n wá lọ́la. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó jókòó sínú ọkọ̀ lójú odò, lókèèrè, kó gbọ́ igbe wọn fúnra rẹ̀. Èmi ò wọ ibẹ̀. Wọ́n lè gba fọ́ọ̀mù, wọ́n lè gba kọ́kọ́rọ́ yàrá mi, mi ò ní lọ kà wọ́n.